Ta ni ìlẹ̀kùn tẹ́ḿpìlì Utah ń ṣí fún?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn pé ọmọ òun obìnrin ti gba ìwé ìgbaniwọlé sí yunifásítì ìjọba tó wà ní ìlú Logan, ní ìpínlẹ̀ Utah lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àmọ́ ohun tí àwọn ẹbí ń sọ nípa ibẹ̀ kò jẹ́ kí òun rí oorun sùn. Ó béèrè báyìí: “Wọ́n ní ti àwọn Mọ́mọ́nì ni gbogbo Utah, pé ibi yòówù téèyàn bá yíjú sí, tẹ́ḿpìlì wọn ni yóò rí. Kí ló fà á tí tẹ́ḿpìlì fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀? Bí ọmọ mi kò bá tètè rí irú ìjọ tiwa, ṣé ó lè máa lọ sí tẹ́ḿpìlì náà lọ́jọ́ Ìsinmi? Ẹnì kan tún sọ fún mi pé wọn kì í gba ènìyàn dúdú síbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?”

Ẹ kú àníyàn ọmọ, màmá. Kí n tó dáhùn, ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ìtàn ẹ̀sìn ni iṣẹ́ mi. N kì í ṣe ọmọ ìjọ náà, n kò sì ní ìdí láti polówó rẹ̀ tàbí láti bà á jẹ́. Orúkọ tí ìjọ náà ń jẹ́ lédè wa ni Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹhìn. Àwọn aládùúgbò ló ń pè wọ́n ní Mọ́mọ́nì, nítorí Ìwé ti Mọ́mọ́nì tí Joseph Smith tẹ̀ jáde ní 1830, ọdún kan náà tó dá ìjọ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York. Ní 2018, Russell M. Nelson tó jẹ́ Ààrẹ ìjọ nígbà náà rọ àwọn ọmọ ìjọ àti àwọn oníròyìn pé kí wọ́n yéé lo ìnagijẹ náà. Níhìn-ín, n ó máa lò ó torí pé òun ni ẹ fi béèrè, ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá dé ọ̀hún, kó pe àwọn ènìyàn náà ní orúkọ tí wọ́n fẹ́.

Ìbéèrè yín nípa ọjọ́ Ìsinmi ló rọrùn jù, nítorí náà òun ni n ó kọ́kọ́ dáhùn. Tẹ́ḿpìlì kan kì í ṣí lọ́jọ́ Ìsinmi lọ́dọ̀ wọn, níbikíbi láyé. Ilé ìjọsìn àdúgbò ni wọ́n ti ń pàdé lọ́jọ́ náà: ilé bíríkì tí kò ga, tó máa ń ní ṣóńṣó tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí tí kò sì ní àgbélébùú. Ẹnikẹ́ni ló lè wọ ibẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bi í ní káàdì. Wọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pe ìjọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Àkójọpọ̀ wọ́ọ̀dù mélòó kan ni wọ́n sì ń pè ní èèkàn, bí èèkàn tí wọ́n fi ń na àgọ́ nínú ìwé Aísáyà. Bíṣọ́ọ̀bù tó ń darí wọ́ọ̀dù kì í gba owó oṣù. Ó lè jẹ́ oníṣègùn eyín tàbí agbaṣẹ́ṣe tó ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Wákàtí méjì ni ìjọsìn wọn, búrẹ́dì àti omi ni wọ́n sì fi ń ṣe oúnjẹ Olúwa, kò sí wáìnì. Bí ọmọ yín bá ti mọ́ra pẹ̀lú ìlù àti ijó, tó mọ̀ pé igbá ọrẹ yóò yí ká lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó túká, ibẹ̀ lè dákẹ́ rọ́rọ́ jù fún un: dùùrù nìkan ló ń dún, ẹnikẹ́ni kì í sì í gbé igbá kiri. Kò pọn dandan kó lọ síbẹ̀ rárá, ṣebí àwọn Kátólíìkì àti àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì náà wà ní Logan.

Tẹ́ḿpìlì ní tirẹ̀ jẹ́ ibi tí àwọn ọmọ ìjọ tó ti tóótun ń lọ fún ìlànà pàtó kan, tí wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ti ṣèrìbọmi nínú ìjọ náà. Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yóò fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ẹni tó wà nípò ààrẹ èèkàn yóò tún béèrè àwọn ìbéèrè kan náà: ṣé ó ń san ìdámẹ́wàá rẹ̀ pé, ṣé ó jìnnà sí ọtí, sìgá, kọfí àti tíì, ṣé ó jẹ́ olóòótọ́ sí ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn yóò fún un ní ìwé àṣẹ tí yóò fi máa wọlé fún ọdún méjì. Ọ̀ràn yìí ti ń fa omijé lójú àwọn òbí, pàápàá níbi ìgbéyàwó. Bí ọmọ kan bá di Mọ́mọ́nì, tó sì fẹ́ kí wọ́n so òun àti àfẹ́sọ́nà òun pọ̀ nínú tẹ́ḿpìlì, ìyá tó bí i kò ní lè wọlé bí kì í bá ṣe ọmọ ìjọ. Ìta ni yóò jókòó sí. Láti oṣù karùn-ún 2019 ni ìjọ ti gbà kí tọkọtaya ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣègbéyàwó níbi tí gbogbo ẹbí yóò ti péjú, kí wọ́n sì lọ sí tẹ́ḿpìlì lẹ́yìn náà láìdúró fún ọdún kan bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ń ronú ọmọ obìnrin kò ní fojú kékeré wo èyí.

Ohun mẹ́ta pàtàkì ni wọ́n ń ṣe nínú tẹ́ḿpìlì. Wọ́n ń fi èdìdì so ọkọ mọ́ aya, wọ́n sì ń so ọmọ mọ́ òbí, nítorí ìgbàgbọ́ wọn pé ikú kò lè tú ìdílé bẹ́ẹ̀ ká. Wọ́n ń gba ẹ̀kọ́ kan tó ń sọ ìtàn ìṣẹ̀dá àti ìpadàbọ̀ ènìyàn sọ́dọ̀ Ọlọ́run, tí àwọn tó ń gbà á sì ń dá májẹ̀mú lórí rẹ̀ nínú aṣọ funfun. Ẹ̀kẹta ni pé àwọn alààyè ń ṣe gbogbo ìlànà wọ̀nyí fún àwọn òkú, èyí tó bẹ̀rẹ̀ látorí ìrìbọmi: ọ̀dọ́ kan yóò wọ inú omi ní orúkọ baba ńlá rẹ̀ tó ti kú láti 1790, wọn yóò rì í bọmi nítorí baba náà, wọ́n sì gbà pé baba náà lómìnira lọ́run láti gba ìrìbọmi ọ̀hún tàbí láti kọ̀ ọ́.

Ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè yín nípa iye tẹ́ḿpìlì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹnì kan ń ṣe ìlànà fún ara rẹ̀. Ìgbà yòókù tó bá wọlé, orúkọ òkú ló ń jẹ́, òkú kì í sì í tán nínú ìdílé ẹnikẹ́ni. Ọmọ ìjọ tó ní ìtara lè lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ títí ayé rẹ̀. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń wá orúkọ àwọn ará àtijọ́ káàkiri ayé, tí wọ́n sì gbẹ́ ihò ńlá sínú òkè akọ òkúta ní àfonífojì Little Cottonwood, nítòsí Salt Lake City, láti tọ́jú àwọn fíìmù tí wọ́n ya àkọsílẹ̀ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sí. Yorùbá tó mọ oríkì orílẹ̀ rẹ̀ kò ní rí i bí ohun àjèjì pé ènìyàn ń dárúkọ baba ńlá rẹ̀ kó má bàa parẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí àwọn ń fi orúkọ náà ṣe yàtọ̀ pátápátá sí tiwa. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ dùn sí i pẹ̀lú. Àwọn Júù bínú gidigidi nígbà tí wọ́n gbọ́ pé wọ́n ti ń ṣèrìbọmi fún àwọn ènìyàn wọn tí ìjọba Hitler pa, àwọn aṣáájú ìjọ sì bá wọn ṣe àdéhùn ní 1995 pé àwọn yóò dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ Utah? Àwọn ará ibòmíràn lé wọn débẹ̀ ni. Tẹ́ḿpìlì àkọ́kọ́ tí Joseph Smith kọ́ wà ní Kirtland, ní ìpínlẹ̀ Ohio, wọ́n yà á sí mímọ́ ní 1836, kò sì tó ọdún méjì tí òun àti ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ fi ìlú náà sílẹ̀. Ní Missouri, gómìnà ìpínlẹ̀ pàṣẹ ní 1838 pé kí wọ́n lé wọn kúrò tàbí kí wọ́n pa wọ́n run. 1976 ni gómìnà mìíràn tó wọ́gi lé àṣẹ náà. Wọ́n sá lọ sí Nauvoo ní Illinois, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ tẹ́ḿpìlì, àwọn jàǹdùkú sì ya wọ ẹ̀wọ̀n Carthage ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà 1844, wọ́n yìnbọn pa Joseph Smith àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn tó kù sáré parí tẹ́ḿpìlì Nauvoo, wọ́n ń ṣe ìlànà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru nígbà òtútù kí wọ́n tó kó ẹrù wọn jáde nílùú. Àwọn ọ̀tá wọn dáná sun ún ní 1848. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí kò ní yà á lẹ́nu pé ní kété tí Brigham Young, tó di olórí wọn lẹ́yìn Smith, kó wọn dé àfonífojì Salt Lake ní ọjọ́ 24 oṣù keje 1847, ọjọ́ mẹ́rin péré ló fi wà níbẹ̀ kó tó fi ọ̀pá rẹ̀ gúnlẹ̀ pé ibí ni tẹ́ḿpìlì yóò wà. Ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò lọ́jọ́ náà. Ìjọba Mẹ́síkò kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀ fún Amẹ́ríkà, àwọn Ute, Shoshone àti Goshute tó ni ilẹ̀ látayébáyé kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Láti ibi ọ̀pá yẹn ni wọ́n ti ka gbogbo òpópónà ìlú. Títí dòní, bí wọ́n bá fún ọmọ yín ní àdírẹ́sì kan ní Salt Lake City tó ní 300 South nínú, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òpópónà kẹta ni, sí ìhà gúúsù ọgbà tẹ́ḿpìlì. Ẹni tí kò gba ìjọ náà gbọ́ rárá, tẹ́ḿpìlì wọn ló fi ń mọ ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ogójì ọdún ni wọ́n fi kọ́ tẹ́ḿpìlì Salt Lake. Wọ́n gbẹ́lẹ̀ ní oṣù kejì 1853, wọ́n fi òkúta igun ilé lélẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún náà, ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 1893 ni Wilford Woodruff, Ààrẹ ìjọ nígbà náà, tó yà á sí mímọ́. Ní 1857, ìjọba àpapọ̀ rán ọmọ ogun sí wọn nítorí wọ́n ní Brigham Young, tó jẹ́ gómìnà agbègbè náà àti olórí ìjọ pọ̀, kò fẹ́ gbọ́ràn sí Washington lẹ́nu mọ́. Wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ bo ìpìlẹ̀ náà mọ́lẹ̀ títí ó fi dà bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè rẹ̀, kí àwọn ọmọ ogun má bàa mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀tẹ̀ náà rọlẹ̀ tí wọ́n hú u jáde, wọ́n rí i pé àwọn òkúta kan ti sán, wọ́n sì tún apá tó bàjẹ́ kọ́. Àfonífojì Little Cottonwood, tó tó kìlómítà 30 sí ìlú, ni wọ́n ti ń gé akọ òkúta aláwọ̀ eérú tí wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀. Màlúù ló ń wọ́ ọ wá. Òkúta kan lè gba ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn tí ojú irin tó la Amẹ́ríkà já pàdé ní àríwá Utah ní 1869 ni wọ́n tó na ẹ̀ka rélùwéè sí ibi tí wọ́n ti ń gé òkúta, tí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Brigham Young kò rí ìparí rẹ̀, ó ti kú ní 1877.

Láàárín ogójì ọdún yìí ni wọ́n parí àwọn mẹ́ta mìíràn tó kéré sí i. Ti St. George ní gúúsù ni àkọ́kọ́, 1877. Orí irà ni wọ́n kọ́ ọ sí, wọ́n sì wá ìbọn àgbá àtijọ́ kan, wọ́n rọ òjé sínú rẹ̀, òun ni wọ́n ń gbé sókè tí wọ́n sì ń jù sílẹ̀ láti fi gún òkúta wọ ilẹ̀ títí ilẹ̀ fi dì. Ti Logan, ìlú tí ọmọ yín ń lọ, tẹ̀ lé e ní 1884; ó wà lórí òkè kékeré kan tó jẹ́ pé èèyàn yóò máa rí ilé gogoro rẹ̀ méjèèjì láti ọ̀nà jíjìn ní gbogbo àfonífojì Cache. Ti Manti parí ní 1888.

Àwọn tẹ́ḿpìlì mẹ́rin wọ̀nyí ló wà nílẹ̀ tàbí tó ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀ràn ìkóbìnrinjọ fẹ́ fọ́ ìjọ náà. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti sọ fún yín pé Mọ́mọ́nì ń fẹ́ ju ìyàwó kan lọ. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní gbangba ní 1852. Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin lé òfin, wọ́n ju àwọn ọkùnrin sẹ́wọ̀n, òfin 1887 sì fún ìjọba láyè láti gba dúkìá ìjọ. Ní 1890, Woodruff kéde pé òun fẹ́ kí wọ́n dáwọ́ ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ dúró. Nígbà tó ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún àwọn ọmọ ìjọ ní Logan ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ní Olúwa ti fi han òun pé bí àwọn kò bá dá a dúró, gbogbo tẹ́ḿpìlì ni yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn, tí ìlànà fún alààyè àti òkú yóò sì dópin. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yẹn fi hàn ju ìwé ẹ̀kọ́ ìsìn mẹ́wàá lọ bí tẹ́ḿpìlì ti ṣe pàtàkì tó fún wọn. Utah di ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní 1896. Àwọn tó ń fẹ́ ìyàwó púpọ̀ níbẹ̀ lónìí wà nínú ìjọ tiwọn lọ́tọ̀, ọmọ ìjọ ńlá tó bá sì dán an wò, lílé ni wọn yóò lé e jáde.

Láti 1893 títí di 1972, ọdún 79 gbáko, wọn kò ya tẹ́ḿpìlì mìíràn sí mímọ́ ní Utah. Ogden àti Provo ló ṣí ojú ọ̀nà lọ́dún náà, ti Jordan River tẹ̀ lé e ní 1981. Lẹ́yìn náà ni Gordon B. Hinckley, tó di Ààrẹ ìjọ ní 1995, gbé èrò tẹ́ḿpìlì kékeré kalẹ̀, kí ọmọ ìjọ tó wà ní ìgbèríko má bàa máa rin ọ̀nà jíjìn. Èyí àkọ́kọ́ nínú wọn wà ní Monticello, ní igun gúúsù ìlà-oòrùn Utah, 1998. Vernal gba tiwọn láti ara ilé ìpàdé àtijọ́ kan tí wọ́n sọ di tẹ́ḿpìlì. Ní Provo, iná jó ilé ìpàdé àtijọ́ kan ní oṣù kejìlá 2010 tó fi ku ògiri nìkan, wọ́n sì sọ ògiri náà di tẹ́ḿpìlì kejì ìlú náà ní 2016. South Jordan ní méjì. Lábẹ́ Nelson, iṣẹ́ náà di kíákíá: wọ́n ya ti Saratoga Springs sí mímọ́ ní 2023, ti Orem, Red Cliffs, Taylorsville, Layton àti Deseret Peak ní 2024. Èyí tí wọ́n ti yà sí mímọ́ ní Utah ti lé ní 20, àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ti kéde, bíi ti Smithfield tí kò jìnnà sí Logan. Ìkànìyàn 2020 fi hàn pé àwọn ará Utah lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́ta àti ìdá mẹ́rin, ìwé ìjọ náà sì ka ohun tó lé ní mílíọ̀nù méjì nínú wọn sí ọmọ ìjọ. Ṣùgbọ́n orúkọ inú ìwé yàtọ̀ sí ẹni tó ń jókòó lórí àga. Ní agbègbè Salt Lake County fúnra rẹ̀, tó jẹ́ oríta gbogbo rẹ̀, wọn kò tó ìdajì àwọn olùgbé mọ́. Kì í sì í ṣe gbogbo àdúgbò ló ń fi ijó pàdé tẹ́ḿpìlì tuntun: ní Heber Valley, àwọn kan gbé ọ̀ràn lọ sílé ẹjọ́ nítorí gíga ilé náà àti iná tí yóò máa tàn lára rẹ̀ lóru.

Ìjà mìíràn tún wà tó dùn mọ́ mi láti sọ, torí ó kan Logan. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n tú gbogbo inú tẹ́ḿpìlì Logan dànù, iṣẹ́ ọnà àwọn baba ńlá wọn tó wà nínú rẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì kọ́ inú tuntun kí wọ́n tó tún un ṣí ní 1979. Nígbà tí wọ́n kéde ní 2021 pé àwọn yóò yọ àwòrán ara ògiri ní Manti, títí kan èyí tí obìnrin ayàwòrán Minerva Teichert yà, àwọn ọmọ ìjọ fúnra wọn fárí gá. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn aṣáájú yí ìpinnu padà: wọn yóò tún Manti ṣe láìfọwọ́ kan àwòrán náà, wọn yóò sì kọ́ tẹ́ḿpìlì tuntun sí Ephraim tó wà nítòsí. Manti tún ṣí ní oṣù kẹrin 2024. Nínú ìjọ tí àṣẹ ti ń ti òkè wá sílẹ̀, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀.

Mo wá dé ibi ìbéèrè yín kẹta. Ẹni tó sọ fún yín pé wọn kì í gba ènìyàn dúdú ń sọ ohun tó ti kọjá bí ẹni pé ó ṣì wà, ṣùgbọ́n kò parọ́ pátápátá. Àwọn ọkùnrin dúdú mẹ́ta, Green Flake, Hark Lay àti Oscar Crosby, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ àfonífojì Salt Lake ní 1847. Ẹrú ni wọ́n. Orúkọ wọn wà lára ère ìrántí Brigham Young ní àárín ìlú títí dòní, àmọ́ lọ́tọ̀, lábẹ́ àkọlé pé ìránṣẹ́ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n. Nígbà ayé Joseph Smith, wọ́n ti fi ọkùnrin dúdú kan, Elijah Able, joyè àlùfáà ní 1836. Ní 1852, Brigham Young kéde níwájú ilé aṣòfin Utah pé ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà kò lè ní oyè àlùfáà, ọdún yẹn náà sì ni ilé aṣòfin ọ̀hún fọwọ́ sí òfin tó gba níní ẹrú láyè. Láti ìgbà náà, ènìyàn dúdú lè ṣèrìbọmi kó sì jókòó nínú ilé ìjọsìn, àmọ́ ìlànà gíga inú tẹ́ḿpìlì kò sí fún un, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí èyí ti rí lára ẹni tó kàn, ẹ gbé ti Jane Manning James yẹ̀ wò. Ọmọ bíbí Connecticut ni, kì í ṣe ẹrú. Ó fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà dé Nauvoo nígbà tí wọn kò gbà wọ́n sínú ọkọ̀ ojú omi, ó ṣiṣẹ́ nínú ilé Joseph Smith, ó sì dé Utah ní ọdún 1847 yẹn kan náà. Láti àwọn ọdún 1880 ló ti ń bẹ àwọn olórí ìjọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gba ìlànà tẹ́ḿpìlì. Wọ́n gbà kó ṣèrìbọmi fún àwọn òkú ẹbí rẹ̀, wọn kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1894, wọ́n ṣe ètò kan tó fi èdìdì so ó mọ́ ìdílé Joseph Smith, gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́. Wọn kò sì jẹ́ kó wọlé fún un, ẹlòmíràn ló dúró fún un nínú tẹ́ḿpìlì Salt Lake nígbà tí òun alára wà láàyè nínú ìlú. Ó ń bẹ̀bẹ̀ síbẹ̀ títí ó fi kú ní 1908. Ní 1979 ni wọ́n tó ṣe ìlànà náà fún un, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é fún òkú.

Ọ̀rọ̀ náà kan Nàìjíríà tààrà. Láti nǹkan bí 1960 ni àwọn kan ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè wa ti ń kọ lẹ́tà sí Salt Lake City, tí wọ́n ti dá ìjọ sílẹ̀ lórúkọ yẹn láìsí míṣọ́nárì kan lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí àwọn aṣáájú fẹ́ rán ènìyàn sí wọn, akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà kan tó wà ní California lọ jọ́sìn pẹ̀lú wọn, ó rí ohun tí ẹ̀kọ́ wọn sọ nípa ènìyàn dúdú, ó sì kọ lẹ́tà tó gbóná sí ìwé ìròyìn Nigerian Outlook ní 1963. Ìjọba kò fún àwọn míṣọ́nárì náà ní físà. Ní ilẹ̀ Brazil, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ tẹ́ḿpìlì São Paulo, àwọn ọmọ ìjọ tó ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà sì ń dáwó sí ilé tí wọn kò ní lè wọ̀. Ní oṣù kẹfà 1978, kí wọ́n tó ṣí ilé náà, Spencer W. Kimball tó jẹ́ Ààrẹ ìjọ kéde pé Olúwa ti fi hàn pé gbogbo ọkùnrin tó bá yẹ lè joyè àlùfáà láìwo àwọ̀ ara, ìlẹ̀kùn tẹ́ḿpìlì sì ṣí. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n ṣèrìbọmi fún Anthony Obinna àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Imo. Hinckley fúnra rẹ̀ ya tẹ́ḿpìlì Aba sí mímọ́ ní 2005; wọ́n kéde ti Èkó ní 2018 àti ti ìlú Benin ní 2020.

Ní 2013, ìjọ náà tẹ àlàyé kan jáde tó kọ gbogbo ìtumọ̀ àtijọ́ sílẹ̀, pàápàá èyí tó ní ègún ni àwọ̀ dúdú. Mo ti kà á dáadáa. Ó sọ ìgbà tí ìfòfindè náà bẹ̀rẹ̀ àti irú ayé tó wà nígbà náà, àmọ́ kò sọ gbangba pé àṣìṣe ni ìfòfindè náà fúnra rẹ̀, èyí sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ dúdú ṣì ń dúró láti gbọ́. Ní 2022, wọ́n ṣí ère ìrántí Jane Manning James àti àwọn ọkùnrin mẹ́ta yẹn ní ọgbà kan ní Salt Lake City. Bó ti wù kó rí, ènìyàn dúdú kò pọ̀ ní Utah, wọn kò tó 2 nínú 100. Ní Logan, ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín jẹ́ òun nìkan ní kíláàsì tàbí nínú bọ́ọ̀sì ní ọjọ́ púpọ̀, kí wọ́n sì máa béèrè ìbéèrè tí yóò sú u. Èyí ni kí ẹ múra rẹ̀ sílẹ̀ fún ju ọ̀rọ̀ tẹ́ḿpìlì lọ.

Yunifásítì tó ń lọ jẹ́ ti ìjọba, kò ní béèrè ẹ̀sìn rẹ̀, wọ́n sì ń ta kọfí nílùú. Ti Provo, Brigham Young University, ló jẹ́ ti ìjọ, tó sì ní òfin ìwà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nárì méjì-méjì yóò kan ìlẹ̀kùn rẹ̀ láìpẹ́. Wọ́n lọ́yàyà, bó bá sọ fún wọn pé òun kò fẹ́, wọn yóò dúpẹ́, wọn yóò sì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn lè tún padà wá.

Ó lè rìn káàkiri ọgbà tẹ́ḿpìlì Logan bó ti wù ú. Inú rẹ̀ nìkan ni kò ní lè wọ̀. Àmọ́ ìgbà kan wà tí ẹnikẹ́ni lè wọ tẹ́ḿpìlì, òun ni ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n máa ń ṣí i fún gbogbo ayé kí wọ́n tó yà á sí mímọ́, tàbí kí wọ́n tó tún un yà lẹ́yìn àtúnṣe ńlá. Wọ́n ti ti tẹ́ḿpìlì Salt Lake pa láti òpin 2019 láti fi ohun tí yóò gbà á lọ́wọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ sábẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ilẹ̀ mì tìtì lóòótọ́, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta 2020, tí kàkàkí já bọ́ lọ́wọ́ ère áńgẹ́lì Moroni tó wà lórí ṣóńṣó. Ìjọ ti kéde pé láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá 2027, àwọn yóò ṣí i fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1893. Logan sí Salt Lake City kò ju nǹkan bí 130 kìlómítà lọ. Bó bá fẹ́, kó lọ. Ọ̀rá ni wọ́n máa ń fi bo bàtà àlejò lẹ́nu ọ̀nà nítorí kápẹ́ẹ̀tì, wọn yóò sì mú un gba inú ilé tí wọn kò jẹ́ kí Jane Manning James wọ̀ fún ìlànà tirẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn oṣù kẹwàá yẹn, ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ nìkan ni wọn yóò tún máa ṣílẹ̀kùn fún.